Ẹnu Jenifa, Etí Fúnkẹ́ Akíndélé

Lọ́dún 2016, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe sọ́fúwià ní Lẹ́kì, àárọ̀ àárọ̀ la máa ń dúró yípo tábìlì, kálukú á sọ ohun tó ṣe lánàá àti ohun tó fẹ́ ṣe lónìí. Ìṣẹ́jú méjì péré ni fún ẹnì kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó kàn mí. Mo ní mo ti parí API tí wọ́n ní kí n kọ. Ohun tí mo rò pé mo pè ni "éè-píì-áì." Ohun tí wọ́n gbọ́ ni "héè-píì-áì." Èmi ò gbọ́ h kankan o. Àwọn ló gbọ́ ọ. Ẹnì kan fi kọ́ọ̀pù tíì bo ẹnu, ẹlòmíì ò tiẹ̀ bo nǹkan kan ní tiẹ̀, ó ní, "Jenifa ti wọlé!" Títí mo fi kúrò níbi iṣẹ́ yẹn, orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn.

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ẹni tuntun ni mí, owó ilé tí mo gbà ní Badore sì wà lọ́rùn mi. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Jakande dé Ajah, mo ń pe "API, API" sẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni ń pe ọfọ̀. Obìnrin tó jókòó tì mí sún díẹ̀ sápá fèrèsé.

Nígbà tí mo délé, mo ra dátà òru, mo bẹ̀rẹ̀ sí wo Jenifa's Diary láti apá kìíní. Kì í ṣe nítorí ìgbádùn. Inú ló ń bí mi. Mo fẹ́ rí ẹni tó fi orúkọ yẹn lé wọn lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà, mo ti wo púpọ̀ nínú eré yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti tọ Fúnkẹ́ Akíndélé lẹ́yìn láti orí tẹlifíṣọ̀n dé ilé sinimá. Ohun tí mo rí kò gùn láti sọ. Obìnrin yìí ní etí tó mú ju ti ọ̀pọ̀ òṣèré ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, etí yẹn ló sì sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Ṣùgbọ́n bí owó fíìmù rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni èdè tí etí náà gbọ́ jù lọ, ìyẹn Yorùbá, ń di iyọ̀ inú ọbẹ̀ lásán. Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀.

Bisi kò ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ

Ìkòròdú ni wọ́n ti bí Fúnkẹ́ Akíndélé, lọ́dún 1977. Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Jenifa, orí tẹlifíṣọ̀n la ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, nínú I Need to Know, eré àtìgbàdégbà tó wà lórí afẹ́fẹ́ láti 1998 sí 2002. UNFPA, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iye ènìyàn, ló ṣe agbátẹrù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlera àti ìbálòpọ̀, tí ọ̀pọ̀ òbí wa kò lè la ẹnu sọ fún ọmọ, ni eré náà gbé dé pálọ̀. Fúnkẹ́ ni Bisi, ọmọ ilé-ìwé tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n tí ó bá ti tó àsìkò rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì Bisi dán. Kò sí h tó ṣìnà níbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi Jenifa ṣe yẹ̀yẹ́ ló gbàgbọ́ pé bí Fúnkẹ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Irọ́ ni. Ẹni tó kàwé nípa iṣẹ́ ìròyìn ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe tó ń jẹ́ Moshood Abiola Polytechnic, ní Abẹ́òkúta, kì í ṣe ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ń lé kiri. Ẹnu Jenifa, ńṣe ló jókòó tó ṣe é, bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń rọ ọkọ́.

Lọ́dún 2008 ló gbé ẹnu náà jáde nínú fíìmù Jenifa. Suliat, ọmọ abúlé, dé yunifásítì, ó fẹ́ di ọmọge ìlú, ó sì sọ ara rẹ̀ ní Jenifa. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ náà. Kì í ṣe bí òyìnbó ṣe ń kọ ọ́. J-e-n-i-f-a ni, bí ẹnu Yorùbá ṣe ń pè é gan-an, bí àwa náà ṣe ń kọ kọ̀ǹpútà àti sàlúùnù. Suliat rò pé òun ti bọ́ aṣọ abúlé sọ nù, kò mọ̀ pé aṣọ tuntun tí òun wọ̀, télọ̀ ilé ló rán an. Àwàdà gbogbo fíìmù náà wà nínú orúkọ yẹn. Lọ́dún 2009, ipa yìí gba ẹ̀bùn òṣèrébìnrin tó dára jù lọ fún un ní Africa Movie Academy Awards.

Báwo ni ẹnu náà ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó ń ṣe fídíò apanilẹ́rìn-ín lórí fóònù ló ti gbìyànjú láti ṣe bíi Jenifa. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á da h sí ibi gbogbo bí ẹni da ata sí ọbẹ̀. Kò kí í dùn. Ìdí rẹ̀ ni pé Jenifa kì í kàn ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ. Yorùbá ló ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ló kàn fi bora.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ ti ara mi wá. Lédè wa, a kì í fi imú mọ òórùn nìkan, a máa ń gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ń ronú ní Yorùbá tó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé òun "gbọ́" òórùn ẹja kò ṣe àṣìṣe tó ṣàdédé wá. Gírámà ló tẹ̀ lé, gírámà tó péye, kó kàn jẹ́ ti èdè mìíràn ni. Àwa tó ń kọ kóòdù mọ irú ẹ̀: ẹni tó ti fi ọdún márùn-ún kọ Java, tó wá dé ìdí Python, Java ló ṣì máa kọ fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Kóòdù náà á ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá kà á á sì mọ ibi tí o ti ń bọ̀.

Ohun tí Fúnkẹ́ gbọ́ tí àwọn tó ń sín in jẹ kò gbọ́ nìyẹn. Ó mọ ibi tí Yorùbá ti ń yọjú lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì: nínú bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tò, nínú ohùn tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, nínú "ẹ̀" àti "ṣé" tó máa ń ṣí gbólóhùn. H pàápàá kì í ṣe ibi gbogbo ló ń wá. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ, ìgbà tí Jenifa bá fẹ́ ṣe fọ́rífọ́rí lójú àwọn tó jù ú lọ ni h máa ń pọ̀. Bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ bá ti dùn ún dé egungun, h á dínkù, Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ á dínkù, Yorùbá á wá jáde ní ìhòòhò. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń dá fídíò dúró kí n tún un wò. Ojú rẹ̀ á yí padà. Apanilẹ́rìn-ín á lọ, ẹni tó jìnnà sílé á kù.

Lẹ́kì kún fún àwọn tó ń díbọ́n

Fíìmù 2008 jẹ́ fíìmù ìkìlọ̀, bí ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá ìgbà náà. Orí Suliat nìkan ni ẹ̀rín ń bọ́ lé. A rẹ́rìn-ín rẹ̀, a sì kọ́gbọ́n. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, tàbí ká ní ó dúró lórí fíìmù kejì, The Return of Jenifa ti 2011, bóyá ìbínú mi ò bá tọ̀nà.

Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ní ohun kan tí fíìmù kò ní: àkókò. Jenifa's Diary bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015. Kò sí bí ẹ ṣe lè máa da ẹ̀rín lé orí ẹnì kan ṣoṣo fún sáà mẹ́wàá kó má sú yín. Nítorí náà, ó di dandan kí àwọn tó yí Jenifa ká náà di ẹni ìrẹ́rìn-ín. Toyo Baby, tí Juliana Olayode ṣe, ń gbé ìgbé ayé tí owó rẹ̀ kò ká. Sege, tí Falz olórin ṣe, ń fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì ìlú òkè tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìlú tó ti rà á. Falz fúnra rẹ̀ jẹ́ lọ́yà tó kàwé ní Reading, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun náà, bíi Fúnkẹ́, mọ̀ọ́mọ̀ yí ẹnu rẹ̀ po ni. Láàárín gbogbo wọn, Jenifa tó ń ṣe irun ní sàlúùnù nìkan ni a mọ ibi tó ti wá. Ọmọ Ayétòrò ni, kò sì lè fi pamọ́ bó tiẹ̀ fẹ́.

Ẹni tó bá ń gbé apá ọ̀dọ̀ wa mọ ohun tí mo ń wí. Wọ bọ́ọ̀sì láti Lẹ́kì Phase 1 lọ sí Ajah. Kọ̀ńdọ́ á máa pè: Ikate! Ilasan! Jakande! Agungi! Osapa! Orúkọ àwọn abúlé tó ti wà kí títì ó tó dé ló pọ̀ jù níbẹ̀, àfi Jakande tó ń rántí gómìnà tó kọ́ ilé fún mẹ̀kúnnù. Yà wọ inú wo. Gèètì àkọ́kọ́ á sọ fún ọ pé "Gardens" ni, èkejì á ní "Court," ẹ̀kẹta á ní "Villa." Maigadi á fi Gẹ̀ẹ́sì kí ọ, ìwọ náà á fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn, ẹ̀yin méjèèjì sì lè jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn. Gbogbo wa la ti kọ orúkọ mìíràn sára gèètì. Ohun tí eré yẹn rí ni pé àdúgbò wa kún fún Suliat, ṣùgbọ́n Jenifa nìkan ni ẹnu rẹ̀ tú àṣírí rẹ̀.

Ibí yìí ni ìbínú mi ti kúrò lórí Fúnkẹ́ Akíndélé. Ó dá ènìyàn, àwa la sọ ènìyàn náà di èébú. Ẹni tó pariwo "Jenifa ti wọlé" lọ́jọ́sí, Yorùbá bíi tèmi ni, orúkọ bàbá rẹ̀ gùn ju tèmi lọ. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà.

Owó ń wọlé, èdè ń jáde

Ẹ̀sùn tí mo ní sí i wà lọ́tọ̀.

Ṣáájú kí n tó kà á, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Omo Ghetto: The Saga, tó jáde ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2020, pa owó tó lé ní 600 mílíọ̀nù náírà ní sinimá. Níbẹ̀ ló ti ṣe ìbejì, Lefty ọmọ ìgboro àti Ayọ̀mide ọmọ olówó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí mo pè ní etí, ẹ di ojú yín nígbà tí àwọn méjèèjì bá wà lójú kan náà, kí ẹ kàn máa gbọ́ wọn. Ẹ ó búra pé ènìyàn méjì ni. Lefty ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni fa ọ̀kadà, Ayọ̀mide ń ka tiẹ̀ níye. Fún èmi, iṣẹ́ òṣèré tó dára jù lọ tó ṣe nìyẹn, ó sì jẹ́ pé Yorùbá ìgboro Lefty ló gbé e ró.

Lẹ́yìn náà, Battle on Buka Street dé lọ́dún 2022. A Tribe Called Judah tẹ̀ lé e ní oṣù Kejìlá 2023, fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní ilé sinimá wa. Jedidah ni Fúnkẹ́ níbẹ̀, ìyá tó bí ọmọkùnrin márùn-ún fún bàbá márùn-ún láti ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kíndìnrín rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ sì pinnu láti lọ jalè ní ilé ìtajà ńlá kí owó ìwòsàn lè jáde. Mo fẹ́ràn fíìmù náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Nítorí pé gbogbo ẹ̀yà ló wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì àti pijin ló di afárá, Yorùbá sì di ohun tí wọ́n máa ń jù síbẹ̀ nígbà èébú, nígbà àdúrà, àti nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí a rẹ́rìn-ín.

Ó yé mi. Ilé sinimá wà ní Àbújá, ó wà ní Port Harcourt, ó wà ní Asaba. Ẹni tó bá fẹ́ kún gbogbo àga wọn á fẹ́ èdè tí gbogbo àga gbọ́. Ìṣirò náà tọ̀nà. Ohun tó ń dùn mí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Jenifa fúnra rẹ̀. Láti 2008 dé Everybody Loves Jenifa ti 2024, ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ọmọbìnrin náà ti di ìyá àdúgbò, ó ti di ẹni tó ń ṣàánú àwùjọ, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Ẹni tó gbé Èkó fún ọdún mẹ́rìndínlógún, èmi ò ní kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ di ti ọba, ṣùgbọ́n á yí padà. Á ní ọ̀rọ̀ tó mọ̀ pè àti èyí tó ti pinnu pé òun ò pè dáadáa mọ́, ẹni tí kò bá wù kó lọ. Tèmi yí padà láàárín oṣù mẹ́fà. Wọ́n dá ti Jenifa dúró nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rín wà, Yorùbá rẹ̀ tó yẹ kó máa dàgbà pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì rí ààyè. Lọ́dún 2019, eré orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, Aiyetoro Town, padà sí abúlé Jenifa. Mo rò pé ọ̀nà ti là. Ọ̀nà ńlá kò gba ibẹ̀ lọ.

Ẹni tó ń wo Kòríà

Ẹnì kan á ní, "Ta ló fẹ́ wo fíìmù tí kò gbọ́ èdè rẹ̀?" Ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn pẹ̀lú ẹni tó sọ mí ní Jenifa.

Ọ̀gbẹ́ni yìí kì í sùn nítorí eré Kòríà. Lee Min-ho ni òrìṣà rẹ̀. Ó mọ Boys Over Flowers ti 2009, ó mọ The Heirs ti 2013, ó mọ The King: Eternal Monarch ti 2020. Lójú títì láti Chevron dé Ajah, fóònù ló máa ń gbé sójú, subtitle ló máa ń kà, á sì máa sọ fún wa pé èdè àwọn èèyàn yẹn dùn létí. Kò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ níbẹ̀. Kò béèrè lọ́wọ́ Lee Min-ho rí pé kó sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Iṣẹ́ Lee Min-ho tiẹ̀ jọ ti Fúnkẹ́ ní ọ̀nà kan. Ọmọ olówó tó gbéraga tó ṣe nínú Boys Over Flowers lẹ̀ mọ́ ọn lára bí Jenifa ṣe lẹ̀ mọ́ Fúnkẹ́. Ọmọ ọlọ́rọ̀ ló tún ṣe nínú The Heirs, ó wá di ọba nínú The King. Lọ́dún 2022, nínú Pachinko, a rí ọkùnrin mìíràn: Koh Hansu, ọmọ Kòríà tó di alágbára láàárín àwọn ará Japan tó ń jọba lé ìlú rẹ̀ lórí. Ọ̀rọ̀ èdè ló wà nídìí eré náà. Àwọn tó ṣe é sì ṣe ohun kan tí mi ò rí irú rẹ̀ rí: subtitle tó bá jẹ́ ti ọ̀rọ̀ Kòríà, àwọ̀ yẹ́lò ni, èyí tó bá jẹ́ ti Japan, búlúù ni. Ẹni tí kò gbọ́ ìkankan nínú méjèèjì á rí i pẹ̀lú ojú rẹ̀ nígbà tí ènìyàn kan bá fi èdè ìyá rẹ̀ sílẹ̀, àti nígbà tó bá padà sí i.

Ẹ ro ohun tí ìyẹn ì bá ṣe fún Jenifa. Yẹ́lò fún Yorùbá, búlúù fún Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọ̀ ewé wá jáde níbi tí méjèèjì ti dà pọ̀, torí pé ohun tí Jenifa ń sọ gan-an nìyẹn. Àwọn ará Asaba á rí ohun tí etí wa ń gbọ́. Kì í sì ṣe àlá lásán. Kúnlé Afọláyan ṣe Aníkúlápó ní Yorùbá lọ́dún 2022, Fẹ́mi Adébáyọ̀ ṣe Jagun Jagun lọ́dún 2023, Netflix sì gbé méjèèjì lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ "ẹ káàárọ̀" rí. Ṣùgbọ́n idà àti oògùn ló wà nínú àwọn wọ̀nyẹn, ayé àtijọ́ ni. Ta ni yóò fi Yorùbá tó kún ṣe fíìmù nípa obìnrin tó ń ṣe irun lẹ́bàá títì Ajah, tó ń san owó iná, tí fóònù rẹ̀ ń dún? Èmi ò mọ ẹni tó lè ṣe é ju Fúnkẹ́ Akíndélé lọ. Ó ti ní owó rẹ̀, ó ti ní èrò rẹ̀. Etí náà sì wà níbẹ̀.

Ní ìparí ọdún 2024, mo lọ wo Everybody Loves Jenifa ní ilé sinimá kan ní Lẹ́kì. Ibẹ̀ kún dẹ́nu. Ìyá kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Ní gbogbo ìgbà tí Jenifa bá ti fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe bó ṣe máa ń ṣe, ọmọ náà á ti rẹ́rìn-ín kí àwa tó rẹ́rìn-ín. Etí rẹ̀ mú.

Ó wá dé ibi kan tí Jenifa bọ́ sí Yorùbá. Àwọn àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tó máa ń ti inú ikùn wá. Ọmọ náà yí ojú sí ìyá rẹ̀, ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè pé kí ni Jenifa sọ. Ìyá la ẹnu láti túmọ̀ rẹ̀, ó wá ọ̀rọ̀ díẹ̀, kò rí i. Fíìmù ti lọ síwájú. Ó ní kó fi sílẹ̀, ó fọwọ́ pa á lórí. Ọmọ náà padà sójú àwòrán, ó ń dúró de ibi tí Jenifa yóò tún ti ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ, kí òun náà lè rí nǹkan rín.